Erìgì Tí Mo Fi Sunkún Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún ní ọsibítù pé erìgì yín ti bàjẹ́, pé àwọn máa ṣí i, àwọn máa fọ abẹ́ rẹ̀, àwọn sì máa rán an padà, ẹ̀yin ni mò ń kọ ìwé yìí sí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélógójì ṣe ní Ọ̀yọ́, bírò kì í ṣe ohun èlò mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀rọ̀ púpọ̀ báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń ro mí. Àti pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, dókítà lè má rántí láti kìlọ̀ rẹ̀ fún yín, nítorí kì í ṣe inú ọsibítù ló ti ṣẹlẹ̀. Bí mo bá sọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fojú fò ó.

Àyọ̀ká ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n Ìyá Ṣọlá ni gbogbo àdúgbò Apáàrà mọ̀ mí sí. Ọkọ mi ni Sámúẹ́lì Àkànní, Bàbá Ṣọlá, tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe ní Òwódé. Ọmọ kan ni Ọlọ́run dá sí fún wa, Ṣọlá, ó ń wa ọkọ̀ ní Ìlọrin. Agbo ilé ọkọ mi ni à ń gbé, èmi, òun, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Láńre, tó padà sílé bàbá rẹ̀ nígbà tí ọkọ tirẹ̀ kú.

Ara sùtánà Màmá Felíṣíà, ìyá ìjọ wa, ni mo ti kọ́kọ́ rí àìsàn náà. Àwa aránṣọ àtijọ́, a kì í wá sísọ́ọ̀sì nítorí ìdí òwú, eyín la fi ń já a. Mo rán ọrùn sùtánà náà tán, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo já òwú. Nígbà tí mo gbé e sókè, ẹ̀jẹ̀ ti kán sára aṣọ funfun náà ní ibi mẹ́ta. Mo rò pé abẹ́rẹ́ ló gún mi létè. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò jáde tán, mo wá fi léèsì kékeré kan rán an bò. Màmá Felíṣíà tilẹ̀ yìn mí fún léèsì yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára pákò mi láràárọ̀. Erìgì mi ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún wú, ó ń dán, ó pọ́n. Eyín mẹ́ta níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó wá kan òórùn. Síísítà Dọ́kási ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí Ṣọlá wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó rọra kọjá lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìbòrí bo ẹnu bí mo bá ń wọn oníbàárà.

Ìyá Láńre ní kòkòrò eyín ni. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń kiri yọ kòkòrò eyín, Láìṣì ni orúkọ rẹ̀. Láìṣì da èso kan sórí ẹyin iná, ó fi akèrègbè kékeré bò ó, ó ní kí n gba èéfín rẹ̀ sẹ́nu. Ìgbà tó ṣe, ó gbé abọ́ omi síwájú wa, àwọn nǹkan funfun tíńtìntín ń léfòó nínú rẹ̀.

“Ṣé o rí i?” Ìyá Láńre bi mí. “Méje. Mo kà á.”

Bàbá Ṣọlá fi awò tó fi ń wo inú rédíò sójú, ó tẹ̀ mọ́ abọ́ náà. “Kòkòrò yìí kò lórí, kò nídìí,” ó ní. “Inú èso yẹn ló ti jáde.”

“Sámúẹ́lì, rédíò ni o mọ̀. Má bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ẹnu.”

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbà pé ó ti lọ. Ó padà dé. Ìyá Láńre gbé egbò igi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró wá, ó bó mi lẹ́nu. Wòlíì Jeremáyà ti ìjọ wa ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, kí n máa fi omi àdúrà ṣan ẹnu. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn nígbà náà. Ẹni tí ẹnu ń ro, ibi tí wọ́n bá ní kó lọ ló máa lọ.

Rédíò oníbàárà kan ló là wá lójú. Bàbá Ṣọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó pọ̀ tán, ó tan án wò, ó bá dókítà kan lórí rẹ̀ tó ń sọ pé ẹni tí erìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, tí eyín rẹ̀ sì ń mì, àìsàn ló ń ṣe é, ó sì ní ìtọ́jú bó bá tètè lọ. Ọkọ mi ti ṣọ́ọ̀bù, ó wálé lọ́sàn-án gangan.

“Àyọ̀ká, Ògbómọ̀ṣọ́ là ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Ilé Adún la máa sọ̀ sí.”

Adún ni àbúrò mi, ó ń ta ike àti báfù nítòsí Ọjà Igbó.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní mo lọ kí Adún ni.”

“Kódà Ṣọlá?”

“Kódà Ṣọlá. Kí ló dé tí ọmọkùnrin á fi gbọ́ pé ẹnu ìyá òun ń rùn?”

Ó ní, “Ó dáa. Ọ̀rọ̀ rẹ ni.”

Èmi ni mo ní kí á fi pamọ́. Kì í ṣe òun. Ojú ń tì mí, mo sì mọ ohun tí Ìyá Láńre máa sọ bó bá gbọ́ pé ọsibítù ni mo fẹ́ gbé ẹnu mi lọ. Kò sí ohun tí mo ṣe láyé mi tí mo tíì ronú sí tó bí gbólóhùn “ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni” yẹn.

N kò ní dárúkọ ọsibítù náà. A dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, bẹ́ǹṣì ti kún. Bàbá Múrí, àgbẹ̀ láti Ìkòyí-Ilé, ló jókòó tì wá. Ó ń fi ahọ́n ti eyín kan síwá sẹ́yìn lójú wa.

“Mẹ́ta ni mo ti fi ẹ̀mú yọ fúnra mi,” ó ní. “Èyí ló ní òun kò lọ.”

“Ẹ̀mú wo?” Bàbá Ṣọlá bi í.

“Èyí tí mo fi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.”

“Ṣé ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́?”

“Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì yọjú wá wò wá. Bàbá Múrí náà ń rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Àwa mẹ́ta jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ ojú fèrèsé, kí wọ́n tó pè mí.

Dókítà Mosún kéré sí Ṣọlá. Ó fi irin tín-ín-rín kan wọn ẹ̀gbẹ́ eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe nọ́ńbà fún nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ló gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré kan, ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Àtọ̀gbẹ. N kò mọ̀ pé mo ní i. Ó ní ṣúgà àti àìsàn erìgì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti ba ènìyàn jẹ́, òun kò sì ní fi abẹ kàn mí títí ṣúgà yẹn á fi wálẹ̀, torí ọgbẹ́ ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga kì í fẹ́ jiná. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi lo oògùn nílé, ní ìkọ̀kọ̀. A ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì fún ìtọ́jú náà. Bàbá Ṣọlá kò fi ṣúgà sí ẹ̀kọ tirẹ̀ mọ́, ó ní kò dáa kí ènìyàn kan ṣoṣo máa jìyà nínú ilé.

Nígbà tó tó àkókò, a padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, dókítà fi dígí hàn mí. “Mama, a kò ní là á gbòòrò. Ihò kékeré ni, bí ihò bọ́tìnnì. Ibẹ̀ la máa gbà fọ ìdí eyín àti eegun, a ó sì rán an.”

“Òwú wo lẹ fẹ́ fi rán an?” ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú un hàn mí. Mo ti rán sílíìkì, mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó, n kò rí òwú tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkàn mi balẹ̀ sí i lára nítorí òwú yẹn.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ẹnu mi kú tipiri, n kò mọ nǹkan kan ju ìró irin lọ. Kò pẹ́ tó bí mo ṣe máa ń gé bùbá méjì. Ìgbà tó parí, dókítà pe Bàbá Ṣọlá wọlé, ó bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀.

“Ìdajì ni mo ṣe,” ó ní. “Ìdajì tó kù, ara Mama ló máa ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ ibẹ̀ yẹn, orí rẹ̀ ni ẹran tuntun máa hù sí. Bó bá ṣí, bó bá fà ya, kò sí ẹran míì tí mo lè fi dí i. Nítorí náà, fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má la ẹnu gbòòrò. Ẹ má kọrin. Ẹ má pariwo. Ẹ má fi agbára tutọ́. Ẹ má fi pákò kan ibẹ̀, ohun rírọ̀ ni kí ẹ máa jẹ lápá kejì. Kí ẹ má sì fo oògùn ṣúgà yín lọ́jọ́ kankan. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, ẹ wá kí n tú òwú.”

Bàbá Ṣọlá ní, “Kò burú. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, èmi ni màá máa bá a dá gbogbo ayé lóhùn.”

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ti Bàbá Múrí. Ó juwọ́ sí wa láti orí ọ̀kadà, ẹnu rẹ̀ dì mọ́ òwú.

Adún ń sè ògì fún mi, ó ń lọ ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ kúná. Ní ọjọ́ kẹta Bàbá Ṣọlá padà sí Ọ̀yọ́ torí iṣẹ́ oníbàárà tó wà nílẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lápá òsì, èyí tí kò ní ọgbẹ́, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹjọ. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fi dígí wo ibẹ̀. Erìgì náà ti fúyẹ́, ó ti ń ní àwọ̀ ẹran gidi. Òórùn ti lọ. Mo fi ọwọ́ mi sẹ́nu, mo mí sí i, mo gbóòórùn rẹ̀, mo sì sunkún ayọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún, ìrọ̀lẹ́, fóònù Adún dún. Ṣọlá ni. Mo rí ojú Adún. Ó ní, “Ìgbà wo? Ní ṣọ́ọ̀bù?” Kí n tó dìde, ó ti ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n mi mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má la ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́. Bàbá Ṣọlá ti kú. Ẹ má la ẹnu. Ẹ sun ún sínú.”

Ó di àgbọ̀n mi mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Omi ojú mi ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀. Orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Ṣọlá gbé orí lé, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì rò pé ó ń sùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Òun tó ń ka oògùn mi fún mi kò lo tirẹ̀.

Adún pe Dókítà Mosún. Dókítà ní kí á yà lọ́dọ̀ òun láàárọ̀, òun á kọ lẹ́tà tí a máa fi han àwọn ẹbí, pé n kò gbọ́dọ̀ ké. Ṣùgbọ́n Ṣọlá ti ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n máa sin ín. Bí a bá dúró de dókítà, a ó pẹ́. A wọ ọkọ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a kò yà. Mo tún fi ọwọ́ ara mi fi àṣìṣe yìí kún àṣìṣe àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ní agbo ilé wa fún ẹni tí kò mọ̀. Opó kì í wọlé ní ìdákẹ́jẹ́. Láti ojú ọ̀nà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Á pe orúkọ ọkọ, á pe oríkì rẹ̀, á bi í pé ta ló fi òun sílẹ̀ fún. Àwọn ìyàwó ilé á gbè é. Gbogbo ẹni tó bá ní “ẹ kú àràfẹ́rakù,” á dá wọn lóhùn. Èyí tí kò bá ké, wọ́n á ní ó mọ nǹkan kan nípa ikú náà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ Ìyá Bísí kú, mo wà lára àwọn tó dúró tí wọ́n ń wo ojú rẹ̀ bóyá omi á jáde.

Mo so ìbòrí kọjá lábẹ́ àgbọ̀n mi, mo wọlé pẹ̀lú ẹnu pípadé. Àwọn ìyàwó ilé ti tò, wọ́n ń dúró de ohùn mi. Kò wá. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n tẹ́ Bàbá Ṣọlá sí, mo fi orí mi lé àyà rẹ̀. Omijé ń ṣàn.

“Àyọ̀ká,” Ìyá Láńre pè mí. “Ọkọ rẹ rèé.”

Mo mi orí.

“Mo ní ọkọ rẹ rèé. Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ tó o lọ ṣeré dùn débi pé o kò ní lè kí i pé ó dìgbóṣe?”

Adún ní, “Ìyá wa, ẹ má bínú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́nu ni. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ la ẹnu.”

“Iṣẹ́ abẹ wo? Ìgbà wo? Sámúẹ́lì tí mo pọ̀n ni wọ́n máa fi abẹ sí ìyàwó ẹ̀ lẹ́nu tí kò ní sọ fún mi?”

“Ó mọ̀, mà. Òun ló gbé wọn lọ.”

“Ó mọ̀.” Ìyá Láńre tọ́ka sí òkú. “Òun náà ni kó wá jẹ́rìí.”

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, “Ó ní òun lọ kí àbúrò òun.” Ẹlòmíì ní, “Ojú ẹ̀ ti fi hàn pé ọwọ́ ẹ̀ kò mọ́.” Àwọn ni mo rán aṣọ fún. Mo mọ ọrùn wọn, mo mọ ìbàdí wọn, mo mọ ohùn wọn láìwẹ̀yìn.

Mo fara dà á. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo fara dà á. Mo ń ka ọjọ́ lọ́kàn, mo ní ó ku ọjọ́ mẹ́jọ, Àyọ̀ká, di ẹnu rẹ mú. Bí wọ́n bá rò pé mo pa á, kí wọ́n rò ó. Nígbà náà ni Ṣọlá wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn.

“Màámi,” ó ní, “ẹ kúkú sọ nǹkan kan. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ wọn nìkan.”

Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà ti ń rò ó.

Mo la ẹnu. Mo ké, “Àkànní o.” Mo pè é bí mo ṣe máa ń pè é nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo pe oríkì ilé wọn, mo bi í pé ta ni màá máa jẹ ẹ̀kọ aláìládùn pẹ̀lú. Àwọn ìyàwó ilé gbè é. Mo mọ ìró aṣọ tó bá ya lójú rírán, mo gbọ́ ọ nínú orí ara mi, tás, tás, lẹ́ẹ̀mejì. N kò dákẹ́. Ó ti ya, kí ló tún kù tí mo fẹ́ pa mọ́. Mo ké títí ẹnu mi fi kún fún omi gbígbóná, ó ṣàn wá sí àgbọ̀n, ó kán sára aṣọ funfun tí wọ́n fi bo ọkọ mi.

Igbe dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìyàwó ilé sún sẹ́yìn.

“Ẹ ò rí i,” Ìyá Láńre ní. Kò pariwo. “Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀ yẹn.”

Ẹkún tí mo sun kí wọ́n má bàa fura sí mi, òun ni wọ́n fi dá mi lẹ́bi. Wòlíì Jeremáyà gbé Bíbélì wá, mo búra lórí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnujú lẹ́nu. Wọ́n sin Bàbá Ṣọlá sẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án náà, wọ́n sì fi mí sí yàrá fún ogójì ọjọ́ opó. Wọ́n ní kí Adún padà sílé rẹ̀. Nínú ìkánjú, a ti gbàgbé báàgì oògùn ṣúgà mi sórí bẹ́ẹ̀dì Adún. Adún fi rán awakọ̀ kan, báàgì náà kò kọjá ọwọ́ Ìyá Láńre. Ó ní òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òun kò sì fẹ́ kí òkú kejì jáde nínú ilé náà. Mo gbà pé òótọ́ ni ó bẹ̀rù. Ó ń fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná oníṣúgà, ó sì ń dúró títí màá fi jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ kẹrìnlá, tí wọn ìbá tú òwú, kò sí òwú kankan mọ́. Etí erìgì tí wọ́n rán ti dúdú, ó ń já bọ́ bí èérún búrẹ́dì inú tíì. Òórùn padà dé, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú mi wú débi pé ojú ọ̀tún kò ríran. Mo ń gbọ̀n, mo ń bá Bàbá Ṣọlá sọ̀rọ̀. Ṣọlá wọlé láti wá dágbére pé òun ń padà sí Ìlọrin, ó gbé ìbòrí kúrò lójú mi, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀ nínú aṣọ opó, Ìyá Láńre ń sọ lẹ́yìn wa pé opó kì í jáde kó tó pé ogójì. Nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní, “Màámi, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?” N kò ní ẹnu tí mo lè fi dáhùn.

Dókítà Mosún wo ẹnu mi, ó yí ojú sógiri fún ìgbà díẹ̀. Ó ní eegun ti hàn síta. Kì í ṣe ihò bọ́tìnnì mọ́. Wọ́n yọ eyín mẹ́rin, wọ́n gé lára eegun àgbọ̀n, wọ́n dá mi dúró lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí ṣúgà fi wálẹ̀. Oṣù méje ni mo fi ń lọ bọ̀ láti ilé Adún kí wọ́n lè máa fọ ojú ọgbẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, mo bá Bàbá Múrí. Ó ń jẹ ẹ̀pà.

Mo bi í pé kí ló lò tí tirẹ̀ fi jiná.

“Kò sí,” ó ní. “Oko ni mo jókòó sí. Ewúrẹ́ ni mò ń bá gbé, ewúrẹ́ kì í bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀.” Ó wò yíká. “Bàbá tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ńkọ́?”

Mo sọ fún un. Ó gbá ẹ̀pà tó kù padà sínú ọ̀rá, kò jẹ ẹ́ mọ́.

Bí mo ṣe wà rèé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún ti jìn wọnú. Ètè mi ìsàlẹ̀ lápá ibẹ̀ kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù, omi ọbẹ̀ a máa ṣàn lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ohun rírọ̀ ni mò ń jẹ. N kò dúró pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin mọ́. Ìyá Láńre kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Ṣọlá fi káàdì ọsibítù hàn án, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, ìyá náà ní kò sí ohun tí wọn kò lè kọ sínú ìwé. Mo ti padà sílé mi ní Ọ̀yọ́ nítorí ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ni wọ́n sin ọkọ mi sí, n kò sì fẹ́ jìnnà sí i.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ erìgì, ẹ lọ, ẹ má dúró de òórùn. Iṣẹ́ náà dára. Mo fi ojú ara mi rí i tó ń jiná ní ọjọ́ kẹrin. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ sọ fún gbogbo ilé. Ẹ sọ fún ọmọ yín. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó kúrò lórí àga, kí ó wà nínú báàgì yín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó, nítorí ẹni yẹn lè kú.

Ní oṣù tó kọjá, Dókítà Mosún tan iná sí mi lẹ́nu, ó wò ó títí, ó ní ojú ọgbẹ́ ti padé porogodo. Ó ní, “Mama, ó ti parí. Ẹ lè la ẹnu yín bó ṣe wù yín báyìí. Ẹ lè kọrin, ẹ lè sunkún, kò sí ohun tó máa ya.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Ìyá Láńre ti lọ sí ọjà, mo lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Bàbá Ṣọlá. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo tú ìbòrí, mo la ẹnu mi tó bó ṣe lè gbòòrò tó. Mo dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sí nǹkan kan tó jáde.